Mo fi LiDAR fóònù wọn ilé wa, mítà kan lé díẹ̀ sì pòórá

Atúnléṣe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé àtijọ́ kan la fẹ́ tún ṣe. Kò sí pùláànù rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́ ọ kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Mo yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ní LiDAR lẹ́yìn (ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó), mo fi sìkáànù gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí mo ti ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún, kò gbà ju wákàtí kan lọ. Àwòrán tó gbé jáde dùn ún wò: ògiri wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ni.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ni ọkàn mi dàrú. Mo lọ síta, mo fa téèpù láti igun ilé kan dé igun kejì: mítà 12.60. Mo padà wọlé, mo ro gígùn àwọn yàrá tó wà lórí ìlà kan náà pọ̀ bí fóònù ṣe kọ ọ́. Yàrá iwájú 3.62, ọ̀dẹ̀dẹ̀ 1.18, yàrá àárín 3.58, yàrá ẹ̀yìn 3.04. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11.42. Mítà 1.18 ti rá.

Káfíńtà sì ń dúró dè mí. Wọ́dúróòbù tó máa gba yàrá ẹ̀yìn láti ògiri dé ògiri ló fẹ́ kàn, ìwọ̀n tí mo bá fún un ló máa fi gé pákó. Èwo ni kí n gbà gbọ́, fóònù ni àbí téèpù?

Tójúbọ̀ọ́
Ẹ wò ó dáadáa: 1.18 tó sọnù yẹn, òun gan-an ni fífẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ gbàgbé láti ro ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn ni.

Atúnléṣe
Ẹ ṣé. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, ọkàn mi tiẹ̀ ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n 3.62 àti 1.18 jẹ́ 4.80. Ẹ fi 3.58 kún un, ó di 8.38. Ẹ fi 3.04 kún un, 11.42. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ìyá_Àwòrán
Ẹ kú làálàá, Atúnléṣe. Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe jẹun, mo sì ti rí irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń wá, inú ògiri ló wà.

Ìmọ́lẹ̀ LiDAR kì í wọ inú ògiri. Ojú ògiri ló ń bà tó fi ń padà. Ohun tí fóònù wọ̀n fún yín ni àlàfo inú yàrá, láti ojú ògiri kan sí ojú ògiri kejì. Bí ògiri ṣe nípọn tó kò sí nínú ìkankan nínú nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ṣùgbọ́n téèpù tí ẹ fà níta, ó ka gbogbo ògiri mọ́ ọn.

Láti ìta dé ìta lórí ìlà yẹn, ògiri márùn-ún ló wà: méjì ti ìta, mẹ́ta ti inú. Ẹ lọ sí ojú fèrèsé kan lára ògiri ìta, ẹ wọn ògiri náà láti ojú rẹ̀ nínú ilé dé ojú rẹ̀ níta, ẹ ka sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ mọ́ ọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ẹnu ọ̀nà yàrá fún ti inú. Ẹ má fojú bù ú. Kí ẹ sì wo inú ètò áàpù yín bóyá ó ti fi ìwọ̀n ògiri tirẹ̀ sí i láìbéèrè. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á ka ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Atúnléṣe
Áàpù tèmi kò fi nǹkan kan sí i, mo ti wò ó. Ògiri ìta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Mo wọn ọ̀kan nínú ti inú, 15 ni.

Ìyá_Àwòrán
Ìta méjì, 50. Inú mẹ́ta, 45. Ó di 95. Nínú 118 tó sọnù, 95 ti padà wálé. Ó ku 23.

Mẹ́tàlélógún yìí kò yẹ kó jẹ́ àṣìṣe LiDAR lásán nínú yàrá mẹ́rin tí kò tóbi. Ohun kan ló dúró níwájú ògiri tí fóònù fi ń pè é ní ògiri. Kí ló wà nínú àwọn yàrá yẹn? Kọ́bọ́ọ̀dù tó ga dé àjà? Jígí ńlá? Kọ́tìnì?

Aṣèbéèrè
Ẹ dákun, kí wọ́n tó dáhùn, kí tiẹ̀ ni LiDAR yìí? Fóònù tèmi ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn. Ṣé ọ̀kan nínú wọn ni?

Ìmọ́lẹ̀_Àbọ̀
Rárá o, kì í ṣe kámẹ́rà. Ojú dúdú róbótó kékeré kan ni, ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kámẹ́rà. Ó ń ju ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí sára ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń ka àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lọ tó fi bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 nínú nanosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ògiri tó bá jìnnà sí yín ní mítà 5, nǹkan bíi nanosecond 33 péré ni ìmọ́lẹ̀ máa fi lọ táá fi bọ̀. Mítà 5 yẹn náà ni agbára rẹ̀ mọ nínú fóònù. Bí àjà ilé yín bá ga jù, tàbí tí pálọ̀ bá gbòòrò, ẹ gbọ́dọ̀ rìn sún mọ́ ògiri.

Apple fi sínú iPad Pro ní March 2020, ó sì dé inú iPhone 12 Pro kí ọdún yẹn tó parí. Láti ìgbà náà, àwọn iPhone tó ń jẹ́ Pro ló ń ní in. Ní 2022, pẹ̀lú iOS 16, ètò tó ń darí iPhone, wọ́n gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ RoomPlan jáde, òun ni ọ̀pọ̀ áàpù ń lò láti mọ̀ pé ògiri nìyí, ilẹ̀kùn nìyí, àga nìyí. Ní 2023 ni wọ́n tún fi agbára kún un láti so yàrá púpọ̀ pọ̀ di ilé kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú ni pé wọ́n rò pé LiDAR nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. LiDAR sọ bí ògiri ṣe jìnnà sí fóònù tó. Ta ló máa wá sọ ibi tí fóònù fúnra rẹ̀ wà? Kámẹ́rà ni, pẹ̀lú àwọn ohun inú fóònù tó ń mọ ìṣísẹ̀ àti ìyípo. Bí ẹ ti ń rìn, kámẹ́rà ń wo igun tábìlì, ìlà ara táìlì, àbàwọ́n ara ògiri, ó ń fi wọ́n mọ bí ẹ ṣe rìn tó. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀ níbí, tó tún fi díẹ̀ yẹ̀ lọ́hùn-ún, á máa kó jọ ni. Ìdí nìyẹn tí yàrá kan ṣoṣo fi ń péye ju odindi ilé lọ. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi dára kéèyàn ṣe é nínú òkùnkùn: LiDAR kò nílò iná yàrá, kámẹ́rà ló nílò rẹ̀. Ògiri funfun báláú tí kò ní àmì kankan náà máa ń ni kámẹ́rà lára, kò rí ohun tó máa dì mú.

Àbá tí Apple fúnra wọn dá ni pé kí iná yàrá tó lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ó kéré tán, kí yàrá má ju mítà 9 sí 9 lọ, kí sìkáànù kan má sì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí fóònù má baà gbóná jù. Èmi fi tèmi kún un: ẹ rọra rìn, ẹ má ju fóònù káàkiri, kí ẹ sì padà sí igun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó pa á. Bí fóònù bá tún rí igun tó ti mọ̀, á rí ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Aṣèbéèrè
Ẹ ṣeun, ó yé mi yékéyéké. Fóònù tèmi kò ní in nìyẹn. Ṣé kò sí ọ̀nà kankan fún wa?

Ìmọ́lẹ̀_Àbọ̀
Ó wà. Áàpù kan tó ń jẹ́ magicplan ti ń ya àwòrán ilé kí LiDAR tó wọ fóònù rárá. Kámẹ́rà nìkan ló ń lò nígbà náà: ẹ ó dúró sínú yàrá, ẹ ó máa tọ́ka sí igun kọ̀ọ̀kan níbi tí ògiri ti kan ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń yẹ̀ ju ti LiDAR lọ, pàápàá tí àga bá bo igun. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí yàrá ṣe kọjú síra wọn, ó tó. Lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ fi téèpù tún nọ́ńbà ṣe.

Òǹkàwé
Kí n fi ẹ̀rí kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń béèrè bó ṣe péye tó. Àwọn onímọ̀ kan ní Dẹ́ńmáàkì dán iPhone 12 Pro wò, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021 nínú ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Scientific Reports. Ohun tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó wọ̀n ọ́n láàárín sẹ̀ǹtímítà 1 sókè sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí òkun kan tó gùn tó mítà 130, ó di sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ìrìn ṣe ń gùn sí i ni ìyẹ̀ ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí Ìmọ́lẹ̀_Àbọ̀ ṣe sọ.

Ilé_Jígí
Ọ̀rọ̀ jígí tí Ìyá_Àwòrán mẹ́nu kàn, ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Jígí ìwojú kan wà ní yàrá ìwẹ̀ wa tó ga láti ilẹ̀ dé òkè. Nígbà tí mo sìkáànù ibẹ̀, áàpù ya yàrá ìwẹ̀ méjì tó kọjú síra: báàfù méjì, ilẹ̀kùn méjì, àní táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi kọ́ sára ìkọ́ wà ní méjèèjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ibi tó fi yàrá kejì sí, ìta gbangba ni. Ìmọ́lẹ̀ ba jígí, ó ta padà sára ògiri òdìkejì, ó tún gba ibẹ̀ bọ̀. Ọ̀nà tó jìn ló rìn, fóònù sì gbà pé ibi tó jìn ni.

Mo fi aṣọ ìbùsùn bo jígí náà, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún un ṣe. Yàrá kejì lọ. Ilẹ̀kùn gíláàsì náà ń fẹ́ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sóde: ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Ohun dúdú kirikiri, bíi ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ́bọ́ọ̀dù dúdú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń padà láti ara wọn, ó máa ń dà bíi pé ihò wà níbẹ̀.

Atúnléṣe
Ẹ̀yin èèyàn mi, kọ́tìnì ni!

Kò sí jígí, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ní yàrá ẹ̀yìn, kọ́tìnì kan wà tó bo odindi ògiri fèrèsé, láti àjà dé ilẹ̀. Aṣọ tó wúwo ni, kì í mì. Ọjọ́ tí mo sìkáànù, mo fà á dé nítorí oòrùn ń wọlé. Nísinsìnyí mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ mi wọlé tán dé ọrùn-ọwọ́ kó tó kan ògiri. Irin tí wọ́n fi kọ́ ọ ló yọ síta. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 17.

Mo ká a kúrò, mo tún yàrá náà sìkáànù. Fóònù kọ 3.21 dípò 3.04. Nínú 23 tó ṣẹ́kù, 17 ti jáde. Ó ku 6.

Ìyá_Àwòrán
Inú mi dùn. Ẹ rí i pé aṣọ tó bá dúró gbọnin, kò yàtọ̀ sí ògiri lójú fóònù. Ẹ má dẹ́kun síbẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì wọn àwọn ògiri inú yòókù dípò kí ẹ gbà pé wọ́n bá èyí tí ẹ wọ̀n dọ́gba.

Káfíńtà_Àgbà
Kí ẹ tó pe káfíńtà yín, ẹ gbọ́ tèmi, mo bẹ̀ yín. Ẹ má fún un ní nọ́ńbà inú fóònù kó fi gé pákó.

Mi ò bá fóònù jà. Èmi náà ń lò ó. Bí mo bá ti dé ilé oníbàárà, òun ni mo ń kọ́kọ́ yọ, nítorí bí mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, fótò àti àwòrán rẹ̀ ń rán mi létí ohun tí ojú mi fò: ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, apá ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, òpó kékeré tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ tó bá di gígé, téèpù ni, tàbí ẹ̀rọ ìwọ̀n léésà tí kì í fi ju mìlímítà méjì yẹ̀.

Mo wọn àlàfo kan láàárín ògiri méjì láìpẹ́ yìí. Nílẹ̀, 182.4. Ní ìbàdí, 181.9. Lókè nítòsí àjà, 180.8. Ògiri kan ló ń rọra tẹ̀ wọlé bó ṣe ń lọ sókè, ojú kò lè rí i. Fóònù kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo: 182. Ká ní mo gé e sí 182, á kọ́kọ́ wọlé nísàlẹ̀ dáadáa, ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé e nàró ni yóò há. 180.5 ni mo gé, mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fá bá ògiri mu dí ìyókù. Lẹ́yìn ọ̀dà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ẹ tún fa téèpù láti igun dé igun yàrá, lọ́nà méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, yàrá náà kò ní igun tó gún. Yàrá tó gún tó jẹ́ mítà 3 sí 4, igun sí igun rẹ̀ mítà 5 gééré ni. Àwọn áàpù kan máa ń fi ipá mú igun gún kí àwòrán lè lẹ́wà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn. Àwòrán tó wọ́ tó jẹ́ òótọ́ ló wúlò fún mi.

Ọmọ_Màmá
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó kàn mí gan-an. Màmá wa máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo àga onítáyà, a sì ń wo ibi tí a máa tún ṣe nínú ilé kí wọ́n tó dé láti ilé ìwòsàn. Áàpù kọ ilẹ̀kùn yàrá ìwẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 80. Àga náà fẹ̀ ní 68. Ṣé ó máa wọlé?

Ìyá_Àwòrán
Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ má tíì gbà á pé ó wọlé o.

80 yẹn, láti férémù dé férémù ni. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí, pákó rẹ̀ ṣì dúró sínú àyè yẹn, pàápàá tí kò bá lè ṣí kọjá ìdajì nítorí ògiri. Ẹ ṣí i dé ibi tó lè ṣí dé, kí ẹ wọ̀n láti ojú pákó ilẹ̀kùn sí férémù tó kọjú sí i. Ìyẹn gan-an ni àyè tí àga máa gbà. Lẹ́yìn náà ẹ rántí ọwọ́ màmá: bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ yí táyà fúnra wọn, ìka wọn wà níta àga lọ́tùn-ún lósì.

Ohun méjì tún wà tí fóònù kò ní sọ fún yín. Àkọ́kọ́ ni ìdènà ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà: ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré kò ní hàn nínú àwòrán, àmọ́ ó tó láti dá táyà kékeré iwájú dúró. Ìkejì ni ibi tí wọ́n ti máa yí po. Òbìrí tó fẹ̀ ní mítà 1.5 ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń fi sílẹ̀ fún àga onítáyà. Ìyẹn ni àwòrán fóònù yín wúlò fún gan-an: ẹ ya òbìrí yẹn sórí rẹ̀ ní yàrá ìwẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní ìgbẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ wo ibi tó ti ń kan nǹkan.

Ọmọ_Màmá
Mo ti wọ̀n ọ́n. 74.5 ló kù nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìka wọn á máa ha. A máa yọ ilẹ̀kùn náà, a ó fi èyí tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ síta ògiri rọ́pò rẹ̀. Òbìrí sì wọ yàrá ìwẹ̀ tí a bá gbé àpótí aṣọ ìdọ̀tí kúrò. Ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á máa fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ yín.

Ẹ̀ṣọ́_Ilé
Ẹnì kan kò tíì sọ èyí: ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé jáde. Inú sìkáànù kì í ṣe ìlà ògiri nìkan. Fótò wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó wà lórí tábìlì, ojú ọmọ tó ń kọjá lọ, ibi tí ẹ ń tọ́jú ohun iyebíye sí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. RoomPlan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú fóònù náà gan-an, àmọ́ áàpù tí ẹ fi ń lò ó lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó fún yín ní àwòrán. Ẹ wo ètò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́, ẹ fi PDF ìlà ògiri ránṣẹ́, ẹ má fi ìjápọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí ránṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ ilé tí ẹlòmíràn ń gbé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Atúnléṣe
Ẹ̀ṣọ́, mo ti gbọ́. Èmi ti fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì. Mo ti pa á rẹ́ báyìí.

Àbájáde rèé. Téèpù: yàrá iwájú 3.64, ọ̀dẹ̀dẹ̀ 1.19, yàrá àárín 3.60, yàrá ẹ̀yìn 3.22. Ó jẹ́ 11.65. Mo wọn ògiri inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan: 15, 15, 16. Èyí tó wà láàárín yàrá àárín àti yàrá ẹ̀yìn ló nípọn ju àwọn yòókù lọ. Pẹ̀lú ògiri ìta méjèèjì, gbogbo rẹ̀ di 12.61. Ohun tí mo wọ̀n níta jẹ́ 12.60.

Sẹ̀ǹtímítà kan péré ló yà wọ́n. Fóònù fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì dín yàrá kọ̀ọ̀kan kù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6, òun ni 6 tó ṣẹ́kù yẹn. Mo ti tẹ nọ́ńbà téèpù sínú áàpù, ó ti tún àwòrán náà fà bá a mu.

Alágbàtà_Ilé
Ẹ kú oríire. Nítorí nínípọn ògiri tí ẹ ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ kọ fífẹ̀ ilé rẹ̀ síwájú oníbàárà. Ilé tí ìta rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí 8, ó jẹ́ mítà oníhà mẹ́rin 80. Bí ògiri ìta bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 23, inú rẹ̀ á jẹ́ 9.54 sí 7.54, ìyẹn kò tó 72, a ò sì tíì yọ ògiri inú kúrò. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá inú lẹ wọ̀n tàbí ìta. Àwòrán LiDAR, inú ló ń kà.

Ìyá_Àwòrán
Ó dára bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn oníṣẹ́, Atúnléṣe, ẹ lo ìdiwọ̀n 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún 50 nínú ilé, kí ẹ sì pa ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún àwòrán pọ̀ kó lè bá ojú ìwé mu. Yàrá ẹ̀yìn yín tó jẹ́ 3.22 gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6.44 lórí ìwé. Ẹ fi rúlà wò ó. Bó bá jẹ́ 6.2, ẹ̀rọ ti fún un pọ̀, ẹni tó bá fi rúlà wọn ìwé yẹn á ṣìnà láìmọ̀. Bí ayàwòrán bá wà lára wọn, ẹ fún un ní DXF, irú fáìlì tí ètò àwòrán orí kọ̀ǹpútà lè ṣí.

Atúnléṣe
Mo ṣe é, 6.44 gééré ni. Káfíńtà wá lónìí. Mo fi àwòrán hàn án, ó wò ó, ó sì fa téèpù tirẹ̀ yọ, bí Káfíńtà_Àgbà ṣe wí. Nílẹ̀ 322.1, ní ìbàdí 321.8, lókè 321.2. Ó máa gé e sí 320.8. Ó ní àwòrán náà jẹ́ kó rí i pé ilẹ̀kùn yàrá máa kan wọ́dúróòbù tó bá jin ju sẹ̀ǹtímítà 58 lọ, ohun tí èmi àti òun kò rò tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn: mo fẹ́ ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí. Ṣé kí n gbé fóònù gun àtẹ̀gùn láì pa sìkáànù, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè so pọ̀?

Ìmọ́lẹ̀_Àbọ̀
Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni fóònù ti ń ṣìnà jù: ó há, ògiri rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ funfun lásán, ọwọ́ yín á sì máa mì bí ẹ ṣe ń gùn. Ẹ ṣe òkè lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àwòrán méjèèjì léra, kí ẹ fi ihò àtẹ̀gùn ṣe àmì, nítorí ibi kan náà ló wà lókè nílẹ̀. Bí ògiri ìta òkè bá jókòó sórí ti ìsàlẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti dára. Bí igun kan bá yọ, ẹ kọ́kọ́ wo yàrá tó wà níbẹ̀.

Atúnléṣe
Ó yé mi. Mò ń lọ ká gbogbo kọ́tìnì òkè báyìí, kí n tó tan fóònù.